Yàrá Òfìfo Inú Kọ̀ǹpútà Tíṣà Fálúyì

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ ti ń bi mí pé báwo ni Èkìtì, ẹ̀rín nìkan ni mo sì fi ń dá yín lóhùn. Ẹ má bínú. Ohun tí ojú mi rí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró. Mo ti jókòó báyìí, mo ti jẹ láfún mi, ara mi ti balẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, títí dé ibi tí èmi Kúdírá, tí ẹ ń pè ní ọ̀gá kọ̀ǹpútà Ìtọ́kú, ti ṣe ohun ìtìjú.

Iṣẹ́ tó gbé mi lọ

Fadá kan ní Adó-Èkìtì ló ránṣẹ́ pè mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ oníbàárà mi níbí, òun ló ròyìn mi fún un. Ní ìjọ Àgùdà tiwọn, oṣù kọkànlá ni oṣù àwọn òkú. Ìdílé kọ̀ọ̀kan á mú orúkọ àwọn èèyàn wọn tó ti kú wá, Fadá á ka àwọn orúkọ náà níwájú pẹpẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ìjọ á sì gbàdúrà fún wọn. Ti Ìyìn, ti Ìgèdè, ti Ìfàkì àti ti àwọn abúlé àyíká, Adó ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sí.

Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, Tíṣà Fálúyì, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn orúkọ náà sínú kọ̀ǹpútà. Ó fi àmì síwájú àti sẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ pé orúkọ rèé, ìlú rèé, ọjọ́ ikú rèé, kó sì lè tò wọ́n fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ọlọ́pọlọ ni. Àmọ́ kí Àjíǹde ọdún yìí tó dé, Tíṣà fúnra rẹ̀ kú.

Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ẹ̀bùn láti òkè òkun ni gbogbo wọn. Ètò ọ̀fẹ́ tí à ń pè ní Línúùsì ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn tó di ẹrù rẹ̀ tí wọ́n sì pín in. Àwọn olùpín yìí kò sì tíì fohùn ṣọ̀kan. Fáìlì tí gbogbo ìwé alámì jọ ń lò, ìyẹn èyí tó sọ ohun tí àmì kọ̀ọ̀kan jẹ́ àti èyí tó mọ bí wọ́n ṣe ń ya ẹ, ọ àti ṣ, olúkúlùkù ló ní fódà tó ń tọ́jú tirẹ̀ sí. Ìwé tí kọ̀ǹpútà kan kà geere, èkejì á wá fáìlì àjọlò yẹn títí, kò ní rí i. Nígbà tí Fadá fi kọ̀ǹpútà tuntun tó wà ní ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì tẹ orúkọ àwọn òkú jáde, ihò ló ń rí nínú wọn. Ẹniọlá di "ni lá". Fadá ní òun ò lè dúró níwájú pẹpẹ kí òun máa fi ààbọ̀ orúkọ pe òkú olókùú. Ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ni wọ́n máa ka ìwé náà, ọ̀sẹ̀ méjì ló sì kù. Iṣẹ́ tèmi ni kí n tò fódà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́nà kan náà, kí fáìlì àjọlò lè ní ilé kan ṣoṣo tí gbogbo wọn mọ̀.

Òkè-Ìlá

Ìkùukùu ló kọ́kọ́ kí mi. Ó jókòó sórí òkè bí ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ. Ọlọ́kadà tó gbé mi gbọ́ gbólóhùn kan péré lẹ́nu mi, ó ní, "Ẹ̀gbá ni yín," ó sì ń rẹ́rìn-ín lọ títí a fi dé Òkè-Ìlá.

Ilé Tíṣà gan-an ni Fadá fi mí wọ̀ sí, lọ́dọ̀ opó rẹ̀, Màmá Àgáàtà, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó gbá mi mú, ó ń wò mí lójú títí ojú fi ń tì mí. "Káàbọ̀ s'ulé," ó wí. Bó bá ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, ìdajì ni mò ń gbọ́. Bó bá yíjú sí mi, Yorùbá ilé-ìwé ló ń sọ, ó ń rọra sọ ọ́ bí ẹni ń fún ọmọ lóògùn. Gbogbo ìlú ló rí bẹ́ẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí àlejò sọnù sínú ọ̀rọ̀ wọn, àmọ́ o máa mọ̀ pé wọ́n jáde wá bá ọ lóde ni, wọn ò tíì mú ọ wọlé.

Ẹ má bi mí nípa oúnjẹ. Àárọ̀ kùtù, iyán. Ọ̀sán, iyán. Mo ní kí n ra láfún díẹ̀ ní Ọjà Ọba, obìnrin tí mo bi wo ìyẹ̀fun tí mò ń júwe, ó sì bi mí bóyá aṣọ ni mo fẹ́ fi sítáàṣì sí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí o. Ṣùgbọ́n iyán Màmá, kí n má purọ́, ó ń lọ lọ́nà ọ̀fun láìdágbére.

Ohun mẹ́ta ni Màmá sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ tí mo dé, mo sì ka gbogbo rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ àgbà lásán. Èkíní, nínú ìjọ wọn, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ òkú ilé rẹ̀. Aládùúgbò ló ń báni kọ ọ́, nítorí wọ́n ní ẹni tó bá kọ tirẹ̀ ń yára ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn rẹ̀ ni. Èkejì, bí orúkọ bá ti wọ inú kọ̀ǹpútà, Fadá á sun ìwé tí wọ́n fi mú un wá nínú iná tùràrí, kí orúkọ òkú má baà di ohun tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà. Ẹ̀kẹta, ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn kan lẹ́yìn yàrá ìgbàlejò. "Gbogbo ilé yìí, tìrẹ ni," ó ní, "àfi yàrá Tíṣà yẹn." Mo ní mo gbọ́.

Ilé tí Tíṣà kọ́ sínú kọ̀ǹpútà

Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà ní yàrá ìgbàlejò. Ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò rí ẹ̀kẹta, mi ò sì béèrè. Mo rò pé ó wà lọ́dọ̀ Fadá.

Nígbà tí mo ṣí ti yàrá ìgbàlejò, mo rẹ́rìn-ín. Tíṣà ti fi agbo-ilé rẹ̀ sọ orúkọ gbogbo fódà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà, ibẹ̀ ló kó àwọn fáìlì àjọlò sí, nítorí gbogbo ará ilé ló ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá. Àká wà, ibẹ̀ ni orúkọ tó ti parí wà, ní ìlú ìlú, ní ojúlé ojúlé. Fódà kan tó pè ní Yàrá náà wà. Mo ṣí i. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí. Bí mo bá ti mọ nǹkan, mo máa ń mọ̀ ọ́n jù. Mo ní ìwé àdéhùn kan lọ́wọ́ tí àwọn olùpín òkè òkun ń jiyàn lé lórí lọ́wọ́lọ́wọ́, pé kí gbogbo fáìlì àjọlò máa gbé ojú kan, kí ìwé atọ́nà kékeré kan sì wà tí yóò máa júwe ilé wọn fún ètò yòówù tó bá béèrè. Ìlànà tó dáa ni. Lójú mi, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àká Tíṣà jẹ́ eré ọmọdé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àkọsílẹ̀ gbogbo fódà tí màá pa rẹ́ bí mo bá ti kó ẹrù wọn tán. Yàrá wà lára wọn. Òfìfo ṣáà ni.

Ohùn láàárọ̀

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, mo gbọ́ ohùn kan láti inú yàrá Tíṣà. Kò, kò, kò. Á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé Màmá ti lọ sí Mísà àkọ́kọ́. Mo sọ fún ara mi pé alángbá orí àjà ni. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti ń gbé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà láti ọjọ́ yìí, ṣé mi ò mọ ohùn ìka lórí bọ́tìnnì ni? Mo dùbúlẹ̀ títí ó fi dákẹ́ pátápátá.

Nígbà tí mo jókòó ti iṣẹ́, mo ṣí yàrá inú kọ̀ǹpútà, kí n kàn fi dá ara mi lójú.

Ó kún.

Fáìlì ló wà níbẹ̀ lọ́kan-ò-jọ̀kan, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, láti ìgbà tí Tíṣà ti kú títí di òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kọ̀ǹpútà ti kọ orúkọ ẹni tó ni ín, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Fálúyì. Fálúyì. Fálúyì. Kò tíì pé wákàtí kan tí wọ́n fi èyí tó gbẹ̀yìn pamọ́. Ó ṣẹlẹ̀ pé ojú mi bọ́ sí ti Sátidé tó ṣáájú, nítorí òun ló kéré jù. Kò lè ju orúkọ kan lọ.

Àsùtufurulai. Gbogbo irun ọwọ́ mi ló dìde. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní tijú láti sọ ọ́.

Ká ní ọmọ Adó ni mí, mo lè kígbe pe Màmá. Ṣùgbọ́n àlejò ni mí, obìnrin Mùsùlùmí nínú ilé Àgùdà, fọ́tò olóògbé sì ń wò mí láti ara ògiri. Mo rò ó pé kò yẹ kí n fi ọ̀rọ̀ òkú da ọkàn opó láàmú. Ká sòótọ́, ìgbéraga náà wà níbẹ̀. Èmi tí wọ́n pè pé kí n wá tún un ṣe, ṣé èmi ló máa ní kọ̀ǹpútà ń dẹ́rù bà mí? Mo pa á dé. Màmá gbé iyán wọlé, ó bi mí bóyá mo sùn dáadáa, mo ní mo sùn bí ọmọ.

Abèèrè kì í ṣìnà

Ní ọjọ́ kẹta, mo tún ṣí yàrá inú kọ̀ǹpútà. Òfìfo. Mo mí kanlẹ̀. Mo ní ẹ ò rí i, ojú ló ṣì mí, tàbí ẹ̀dà àtijọ́ kan tó kàn gba orí ẹ̀rọ kọjá. Mo ti kó àwọn fáìlì àjọlò àti orúkọ inú àká sí ilé wọn tuntun nígbà yẹn, mo ti kọ ìwé atọ́nà, mo sì ti dán an wò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹniọlá jáde pẹ̀lú ẹ àti ọ rẹ̀ ní pípé. Inú Fadá dùn, ó ní kí n wá jẹun. Kí n tó dìde, iná lọ.

Nígbà tí mo padà sílé lọ́sàn-án, iná ti dé, kọ̀ǹpútà ti tan ara rẹ̀. Mi ò wo ohunkóhun. Mo mú àkọsílẹ̀ tí mo ti kọ, mo ní kí ẹ̀rọ pa gbogbo fódà ibẹ̀ rẹ́, tọmọtọmọ, àti gbogbo ohun tó wà nínú wọn. Ó yẹ kó parí kí n tó ṣẹ́jú. Kò parí. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ, ó ń ṣiṣẹ́ lọ, mo sì ń gbọ́ kíké ẹ̀rọ mìíràn lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá Tíṣà, bí ẹni ń họ igi.

Ìgbà yẹn ni mo rí wáyà tó jáde lẹ́yìn kọ̀ǹpútà ńlá, tó gba ihò ara ògiri wọ inú yàrá yẹn. Ojú mi ti ń wò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Kọ̀ǹpútà kẹta wà nínú lọ́hùn-ún. Yàrá inú kọ̀ǹpútà tí mo rò pé òfìfo ni kì í ṣe yàrá rárá, ojú ọ̀nà ni. Bí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà inú, ohun tó wà nínú rẹ̀ á hàn níbẹ̀. Bí wọ́n bá pa á, ibẹ̀ á ṣófo. Iná tó dé ti tan àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, èmi sì ti na ọwọ́ gba ojú ọ̀nà yẹn wọlé, mo ti gbá inú rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Màmá jáde láti ilé ìdáná. Ó wo ojú mi, ó wo ilẹ̀kùn, ó sì ṣí i fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà lórí tábìlì níwájú bẹ́ẹ̀dì olóògbé, gíláàsì ojú Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìka Màmá ni ohùn òwúrọ̀ tí mo gbọ́. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò jáwọ́ nínú iṣẹ́ náà. Ojoojúmọ́ ló ń jí tẹ orúkọ tí àwọn èèyàn bá mú wá, orúkọ ọkọ rẹ̀ ló sì fi ń wọlé sínú ẹ̀rọ.

"Iṣẹ́ rẹ̀ ni," ó ní. "Èmi kàn ń bá a tẹ̀ ẹ́ ni. Bí ẹ̀rọ bá ṣì ń sọ lójoojúmọ́ pé Fálúyì ló ṣiṣẹ́, ta ló máa sọ fún mi pé ó ti lọ tán?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún un. Orúkọ tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún, tí iná tùràrí ti jó ìwé gbogbo wọn. Mo sunkún, ẹ̀yin ará ilé. Kì í ṣe nítorí iṣẹ́ tó bàjẹ́. Mo ronú nípa àwọn tó máa jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ yẹn, tí wọ́n máa tẹ́tí títí dé òpin, tí wọn ò sì ní gbọ́ orúkọ ìyá wọn.

Láti ojúlé dé ojúlé

Màmá fa àga, ó jókòó, ó di ojú. Ó ní kí n dìde, kí n jókòó síwájú ẹ̀rọ, kí n sì fi orúkọ ara mi wọlé, kì í ṣe ti Tíṣà mọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti Ìyìn. Kò pe orúkọ bí ẹni ń ka ìwé. Ó ń rìn ni. Ó ní ká yà sọ́wọ́ òsì níbi igi ọsàn, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rèé, orúkọ èèyàn méjì ni wọ́n mú wá. Á pe wọ́n, á sọ ìlú, á sọ ọjọ́. Ó ní ká kọjá sí òdìkejì, opó alágbẹ̀dẹ rèé, ọmọ rẹ̀ kan. Mo wá rí i pé ọ̀nà yẹn náà ni Tíṣà gbà tò àká rẹ̀, àká tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bó ṣe kọ́ ọ sórí ẹ̀rọ ló ṣe kọ́ ọ sórí ìyàwó rẹ̀. Nọ́ọ̀sì sì ni Màmá, ọ̀pọ̀ àwọn òkú yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n kú sí.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi rìn ín. Fadá á wá, á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, á máa gbọ́. Nígbà mìíràn Màmá á dúró lójú ọ̀nà kan, á ní, "Wọ́n wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ n wò wọ́n dáadáa," èmi náà á sì wo ẹ̀yìn mi.

Nígbà tí a parí Ìfàkì, mo rántí fáìlì Sátidé. Mo bi í léèrè orúkọ tó tẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí n lè fi kún un.

Ó la ojú. Ó ní òun ò tẹ nǹkan kan ní Sátidé yẹn. Láti Jímọ̀ títí di Sọ́ńdè, Ìfàkì ni òun wà níbi òkú àbúrò òun, kọ́kọ́rọ́ ilé sì wà lọ́rùn òun.

Mo sọ fún un pé bátìrì inú kọ̀ǹpútà máa ń kú, aago rẹ̀ á sì máa rìn gbéregbère. Ó bi mí bóyá ọjọ́ ara àwọn fáìlì yòókù náà ṣì. Mi ò lè purọ́ fún un mọ́. Mo ní rárá, gbogbo wọn ló pé.

"Kí ló wà nínú rẹ̀, Kúdírá?"

"Màmá, mi ò ṣí i. Mo pa á rẹ́ láìṣí i."

Fadá fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú. Nínú ilé kejì, wọ́n ń gúnyán, odó ń dún. Màmá wo bẹ́ẹ̀dì. Ó wo gíláàsì ojú tó wà lórí tábìlì. Mo rí i pé ohun tí òun náà ń rò ni mò ń rò, pé láti Àjíǹde, òkú kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo ìjọ yẹn tí aládùúgbò kankan ò tíì láyà láti bá a kọ, nítorí kò sẹ́ni tí opó rẹ̀ gbà kó kọ ọ́.

"Bóyá ó rí i pé mò ń fi òun falẹ̀ ni," ó ní. Ó tún ara rẹ̀ ṣe lórí àga. "Àlejò ni ọ́. O ò bá wa tan. Kọ ọ́."

Mo bi í pé kí n kọ kí ni, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀.

"Bẹnẹdíìkì Fálúyì. Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì." Ó sọ ọjọ́ náà, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Mo fi àmì síwájú, mo fi àmì sẹ́yìn. Ó ní kí n kà á sóun létí lẹ́ẹ̀mejì, kí n wò ó bóyá ẹ rẹ̀ pé. Mo ní ó pé.

Mo dúró dé ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá. Mo jókòó lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú ìborùn mi, Fadá sì ka àwọn orúkọ náà láìkọsẹ̀. Nígbà tó kan Fálúyì, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì mí lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀ tipẹ́. Màmá fi aṣọ bo ojú, ó sunkún, aládùúgbò méjì dì í mú.

Mo fi àwọn fáìlì àjọlò sílẹ̀ síbi tí ìwé àdéhùn wí, ṣùgbọ́n mo dá ọ̀dẹ̀dẹ̀ padà, mo ní kó máa júwe ibẹ̀. Mo dá àká padà. Mo dá yàrá náà padà. Ní àárọ̀ tí mo ń bọ̀ nílé, Màmá ti pa kọ̀ǹpútà inú, ó ti ká wáyà rẹ̀, ó fi gíláàsì ojú rẹ̀ sínú báàgì. Mo ní kí n kàn wo yàrá inú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó pa ti yàrá ìgbàlejò. Wáyà kò sí lára rẹ̀ mọ́, ó yẹ kó ṣófo.

Fáìlì kan ṣoṣo wà níbẹ̀. Ó kéré, kò lè ju orúkọ kan lọ, ọjọ́ Sátidé yẹn ló wà lára rẹ̀. Mo pe Màmá. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó fi ọwọ́ lé èjìká mi, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí n má ṣí i, òun mọ orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ó gbé iyán tó ti dì sínú ewé lé mi lọ́wọ́, ó sì sìn mí dé ojú títì.